Àtẹ́lẹwọ́ Kẹ́hìndé Lára Sípíkà

Ọdún tí ohùn tẹlifíṣọ̀n wa kú ni mo fẹ́ sọ. Tẹlifíṣọ̀n gan-an kò kú o, ohùn rẹ̀ ló kú. Òjò kan ló dé lọ́sàn-án, ààrá sán, iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí iná sì máa fi dúró dáadáa, àwọn èèyàn inú tẹlifíṣọ̀n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé, a ò gbọ́ kíní kan. Bàbá mi dìde, wọ́n gbá a légbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbá a lórí. Màmá mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ rọra, kì í ṣe pákó." Káfíńtà ni bàbá mi, wọ́n sì gbà pé kò sí nǹkan tó kọ̀ tí kò ní gbà tí èèyàn bá ti mọ ibi tó yẹ kó gbá. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lójú ọ̀nà Ìdèrè tú u wò, ó mi orí, ó ní ohun tó jóná nínú ẹ̀, òun ò rí irú ẹ̀ mọ́, àfi kí Bàbá ra òmíràn. Bàbá ní òmíràn kọ́, òmìrìn ni, òun ò ní rà á. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n wọn padà sílé, wọ́n gbé e sórí tábìlì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn, a sì ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló kọ́kọ́ sú. Wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí ń jà, a ò mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Tí wọ́n bá ń bú èmi ńkọ́?" Gbogbo wa ń banú jẹ́, àfi ẹnì kan. Kẹ́hìndé, èkejì mi, fọwọ́ bi mí pé kí ló ṣe wọ́n. Mo fọwọ́ kan etí mi, mo tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n, mo ju ọwọ́ nù. Ó wò mí, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo bí gbogbo ilé ṣe ranjú, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bí a ṣe rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, bẹ́ẹ̀ lòun ti ń wo ayé láti ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ibà kan ló mú un, ibà tó gbóná janjan tó mú ọrùn ẹ̀ le bí igi. Ibà náà lọ, ó mú etí ẹ̀ méjèèjì lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ mélòó kan sílẹ̀ fún un: ó lè pe "Ìyá", ó lè pe "omi", ó lè pe orúkọ mi, àmọ́ ó máa ń já a sí méjì, "Tá-é", ó sì máa ń pè é sókè ju bó ṣe yẹ lọ, títí kan inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbejì kì í ṣe ìran wíwò nílùú tiwa. Ẹni bá rìnrìn-àjò wá sí Ìgbó-Ọrà ló ń dúró wo ìbejì. Àwa tí a bí síbẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ni. Táyé mẹ́ta ló wà ní kíláàsì wa, èmi ni wọ́n ń pè ní Táyé Káfíńtà. Ṣùgbọ́n bó ṣe wọ́pọ̀ tó yẹn, òfin rẹ̀ kò dẹ̀. Ohun tí a bá ṣe fún Táyé, a ṣe é fún Kẹ́hìndé. Bí bàtà bá dé, méjì ni. Bí wọ́n bá na èmi, Ìyá Àgbà á ní kí wọ́n fọwọ́ kan Kẹ́hìndé náà díẹ̀, kí inú má bàa bí i pé wọ́n yọ òun sílẹ̀. Ọjọ́ kan tí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ibà, Ìyá Àgbà bẹ nọ́ọ̀sì pé kó jọ̀ọ́, kó gún èkejì mi náà, kó fi omi lásán gún un. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ máa lọ sílé." Nítorí òfin yìí náà ni wọ́n ṣe fi Kẹ́hìndé sílé ìwé pẹ̀lú mi. Kò gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ rí, ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí fún ọdún mẹ́fà gbáko, ó ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ sínú ìwé, lẹ́tà ẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. Bóyá ó yé e ni, bóyá kò yé e ni, kò sẹ́ni tó bi í. Èmi ni wọ́n ń bi. "Táyé, kí ni Kẹ́hìndé ń sọ?" Èmi ni ẹnu ẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ ẹnu fún ẹlòmíràn, òun ló ń sọ ohun tó bá wù ú. Tí Kẹ́hìndé bá ní òun ò jẹ ìlasà, mo lè sọ fún Màmá pé ẹja rẹ̀ ló kéré, kí a lè jọ rí sí i.

Ilé wa kì í dákẹ́, ó tiẹ̀ yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ ni ayùn Bàbá ti ń ké lábẹ́ igi ọ̀dán níwájú ilé. Ìyá Àgbà ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bá agbada sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá igi ìdáná jà. Ìgbà ẹ̀gúsí, gbogbo wa la ń bó ẹ̀gúsí, nítorí Màmá ń kó o lọ sí ọjà Èrúwà. Àwo kọ̀ọ̀kan ló máa ń wà níwájú olúkúlùkù ní pálọ̀, ẹni tí kò bá bó tirẹ̀ tán kò ní gbójú sókè wo fíìmù. Ká, ká, ká, èèpo ẹ̀gúsí ń fọ́ lábẹ́ èékánná. Ìró yẹn nìkan ló ń bá wa wo tẹlifíṣọ̀n lọ́sẹ̀ tí ohùn ẹ̀ kú, títí Ìyá Àgbà fi ní ọ̀rọ̀ náà ti sú òun, kí Bàbá fi orin sí i, ó kéré tán kí ilé lè dùn. Bàbá ní sípíkà kan. Ọkùnrin kan tó fẹ́ ṣí ilé ọtí ló ní kí wọ́n kan àpótí ẹ̀, wọ́n fi igi àfàrà kàn án, ó ga dé àyà mi, ọkùnrin náà kò sì padà wá. Bàbá so rédíò alákásẹ́ẹ̀tì wọn mọ́ ọn. Nígbà tó bá ń lu, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni. Fíìmù àwọn ará Ṣáínà kan ló wà nínú ẹ̀rọ fídíò, ọ̀kan ṣoṣo tí a ní tó jẹ́ tiwa, tí a ti wò títí. Wọ́n jó ilé bàbá ọmọbìnrin kan, ọmọ náà gun àtẹ̀gùn òkè lọ bá bàbá arúgbó kan pé kó kọ́ òun ní ìjà. Bàbá fi kásẹ́ẹ̀tì fújì kan tí wọ́n fẹ́ràn sínú rédíò, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó ronú nǹkan kan. A dé ibi tí bàbá arúgbó gbé ife tíì sókè, olórin fújì wa dá gbogbo ìlù dúró, ó ń dá ké nìkan. Arúgbó la ife mọ́lẹ̀. Gbì! Gbogbo ìlù já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá tí ń bó ẹ̀gúsí da àwo nù. Bàbá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n?" A rẹ́rìn-ín, a ní ó ṣe kòńgẹ́ ni. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọmọbìnrin náà jókòó létí odò, ó ń sunkún bàbá ẹ̀, olórin wa bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyá tó bí i tó ti kú. Ìyá Àgbà ní, "Háà, ó ń bá a kẹ́dùn!" Ọkùnrin mẹ́ta gun ẹṣin jáde, olórin wa pe orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta, àwọn àlàájì, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àti ọjọ́ yẹn la ti ń pe ará Ṣáínà tó gun ẹṣin dúdú ní Àlàájì. Èyí tó wá pa gbogbo rẹ̀ dé: nígbà tí ọ̀tá wọn ṣubú, tó fẹ́ pa ojú dé, ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì parí. Káà! Bọ́tìnnì fò sókè fúnra ẹ̀. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá Àgbà ní, "Ó bọ̀wọ̀ fún òkú. Ẹni tó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ ire."

Lọ́jọ́ kejì, a fẹ́ fi han àwọn ará ilé kejì, kò ṣe kòńgẹ́ mọ́. Ife fọ́ tán kí ìlù tó dúró. Bàbá tún un fi sí, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àlejò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé ẹmu la mu ni. Kẹ́hìndé ló wá rí ìdí ẹ̀. Kẹ́hìndé kì í jókòó sórí àga tí orin bá ń lọ. Ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára igi àfàrà yẹn, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í nígbà mìíràn. A rò pé ó kàn ń ṣeré ni. Ó fa aṣọ mi, ó tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n níbi tí ìlẹ̀kùn ńlá pupa kan ti ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ó fi ìka tẹ afẹ́fẹ́. Ibí yìí, kì í ṣe ibòmíràn. Bí ìlẹ̀kùn náà bá ti ṣí ni kí a tẹ kásẹ́ẹ̀tì. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ìlù ńlá dún. Ife fọ́, ìlù já bọ́. Kò yẹ̀ níbì kankan. Kẹ́hìndé wá sọ ọ́ di iṣẹ́. Yóò tẹ́ ọwọ́ òsì sára sípíkà, kó tó di pé ibi tí orin àti àwòrán ti máa pàdé dé, yóò ti na ọwọ́ ọ̀tún sókè, bí ẹni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Èmi ni mò ń tẹ rédíò fún un. Ó kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì Bàbá jáde, ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fíìmù yẹn, èyí tí kò bá bá a mu, á mi orí, á dá a padà sínú páálí. Bàbá ń wò ó. Wọ́n ní, "Igi tí ò hù nínú igbó kan náà lè bá ara wọn mu lára àga kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kàn án pọ̀ gbọ́dọ̀ lójú." Mi ò mọ̀ pé ìyìn gidi nìyẹn, nítorí Bàbá kì í yin ẹnikẹ́ni.

Ọdún yẹn náà ni a parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo yege ìdánwò láti wọ sẹ́kọ́ńdìrì nílùú wa níbí. Kẹ́hìndé kò yege, wọn ò tiẹ̀ ka tirẹ̀. Ìyá Àgbà ní kò burú, kó jókòó ti òun, kó máa yan gàrí. Màmá kàn ń lọ sí ọjà Èrúwà, wọ́n ń bọ̀, títí ọjọ́ tí wọ́n pàdé oníbàárà kan tó wá ra ẹ̀gúsí. Ọmọ Èrúwà ni obìnrin náà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, tíṣà ni nílé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ adití. Màmá bú sẹ́kún lójú ọjà. Tíṣà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń gbà lọ, àmọ́ tí òun bá fojú ara òun rí i pé orí ọmọ náà jí, òun á bá ọ̀gá àwọn sọ̀rọ̀. Òun á yà sí Ìgbó-Ọrà lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí Màmá ròyìn délé, Ìyá Àgbà fò sókè. "A kì í ya ìbejì! Ta ló máa bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Tí mọ́tò bá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́?" Bàbá gbé ayùn kalẹ̀. Wọ́n ní, "Kí wọ́n wá wò ó. Tí wọ́n bá ní kò lè ṣe é, kó jókòó sílé, kí ẹnikẹ́ni má tún bá mi sọ ọ́ mọ́ láéláé." Wọ́n ti sọ ọ́ tán nìyẹn. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada gàrí, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, inú mi sì dúdú. Ẹ má dá mi lẹ́bi jù. Mi ò sùn lórí ẹní kan tí Kẹ́hìndé ò sí rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Tó bá lọ, ẹnu ta ni màá wá jẹ́?

Sátidé dé, Tíṣà dé pẹ̀lú gíláàsì lójú àti báàgì dúdú. Arẹwà obìnrin ni wọ́n, wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀. Wọ́n mú Kẹ́hìndé jókòó síwájú wọn, wọ́n gbé ìwé àti pẹ́ńsù fún un, wọ́n fi àwòrán ewúrẹ́ hàn án pé kó kọ orúkọ rẹ̀. Kẹ́hìndé wò mí. Tíṣà fọwọ́ yí ojú ẹ̀ padà. "Má wo àbúrò rẹ, èmi ni kó o wò." Ó tún wò mí. Wọ́n fi àwòrán mìíràn hàn án, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ béèrè ìṣirò, ó kàn jókòó sójú kan, òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀. Bàbá kọ ojú sí ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Ẹ rí i, Tíṣà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá." Tíṣà ti ń pa báàgì dé. Màmá bá dìde, wọ́n ní, "Ẹ dákun, ọ̀nà kan ò wọjà. Nǹkan kan wà tó máa ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ẹ wò ó." Iná wà lọ́jọ́ yẹn, bí ẹni pé wọ́n fi ránṣẹ́. Màmá ṣàlàyé fún wọn: fíìmù lọ́tọ̀, orin lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń pàdé, bí Kẹ́hìndé ṣe ń na ọwọ́ kí ibi ìpàdé tó dé. Tíṣà ní, "Ọmọ tí kò gbọ́ orin?" Màmá ní, "Òun náà ni o." Ojú Kẹ́hìndé tàn. Ó sáré lọ sí ibi sípíkà, ó tẹ́ ọwọ́ òsì sí i, ó fi orí ṣe àmì sí mi. Èmi ni mo máa tẹ rédíò.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú tó fi ata sẹ́nu. Èmi nìyẹn. Ìlẹ̀kùn pupa ṣí. Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún nínú mi, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: yóò na ọwọ́ níbi ife, orin kò ní dáhùn, Tíṣà á mi orí, á lọ sí Èrúwà, Kẹ́hìndé á wà pẹ̀lú mi títí ayé. Àmọ́ kò dé ibi ife rárá. Ọmọbìnrin inú fíìmù gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, Kẹ́hìndé yí ojú padà kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ìlù tó yẹ kó bá a lọ́wọ́ kò bá a. Ó wò mí. Kò wò mí tìbínú-tìbínú, ó kàn wò mí pẹ́. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí mi ò lè gbé ojú mi sókè. Lẹ́yìn náà ó dìde. Ó dá fíìmù dúró, ó dá a padà sẹ́yìn títí ìlẹ̀kùn fi padé. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà dé ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, ó fi etí ọwọ́ ti èmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jẹ́jẹ́. Ó dúró láàárín ẹ̀rọ méjèèjì, ìka òsì lórí fídíò, ìka ọ̀tún lórí rédíò. Ó tẹ fídíò. Ìlẹ̀kùn ṣí. Ó tẹ rédíò. Ó padà lọ jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára igi.

Ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ Kẹ́hìndé lókè, ìlù. Ife, ọwọ́ lókè, ìlù dúró. Ife fọ́, gbì! Létí odò, ọwọ́ lókè. Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n mú un dání, wọn ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, ọwọ́ ọmọ náà ni wọ́n ń wò. Nígbà tí ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì fi parí, káà, tí ọ̀tá pa ojú dé, Bàbá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Tíṣà ní, "Bàbá Ìbejì, ọmọ tó mọ̀ pé nǹkan ò bá ara mu, tó sì mọ ibi tó yẹ kó ti tún un bẹ̀rẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ kí n wò lára ẹ̀? Ẹ máa palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́." Màmá wólẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gúsí. Bàbá bi Kẹ́hìndé, wọ́n fọwọ́ ṣe é, wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, pé kí ló dé tó kọ́kọ́ kọ̀. Kẹ́hìndé tọ́ka sí bọ́tìnnì rédíò, ó fún ojú pọ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó le. Bọ́tìnnì náà le. Bàbá ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Wọ́n jáde lọ sábẹ́ igi ọ̀dán, a sì gbọ́ ayùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àpótí ni wọ́n ń kàn. Ilé ìwé Ìbàdàn ní kí ọmọ mú àpótí tó ṣeé tì wá. Bàbá fi àfàrà tó kù kàn án, wọ́n fá a kó jọ̀lọ̀, wọ́n kọ K sára ìdérí. Òfin ìbejì sì ni òfin ìbejì: wọ́n kan méjì. Wọ́n kọ T sí ìkejì. Èmi tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé tí ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, kí ni mo fẹ́ fi àpótí ṣe? Ọjọ́ tí Kẹ́hìndé máa lọ, Màmá kó aṣọ sínú tirẹ̀, wọ́n kó gàrí àti ẹ̀gúsí bíbó tì í, wọ́n gbé e sẹ́yìn mọ́tò Ìbàdàn. Mo jókòó sórí tèmi lójú ọ̀nà, òfìfo ni. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń rán Táyé jáde pé lọ tọ́ ayé wò fún mi, tó bá dùn, kó o ké kí n gbọ́. Lọ́jọ́ náà, òun ló lọ, èmi ni mo dúró lẹ́yìn tí mò ń retí igbe. Ó gbé ojú sójú fèrèsé mọ́tò, ó pè mí sókè ju bó ṣe yẹ lọ, "Tá-é!" Gbogbo gáréèjì yíjú wò wá. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ yẹn kò kéré; Ìyá Àgbà gbé ẹ̀bà fún mi, mi ò jẹ. Wọ́n gbé ìpín Kẹ́hìndé náà tì í nítorí ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn, àwo méjì sì wà níwájú mi títí ọbẹ̀ fi dì.

Nísinsìnyí, irun èmi àti tirẹ̀ ti ń funfun. Òun ló jogún ayùn Bàbá, kì í ṣe èmi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ adití ní iṣẹ́ igi, ní Ìbàdàn níbẹ̀. Tí o bá rí bó ṣe ń tẹ́ ọwọ́ sára pákó kó tó gé e, wàá mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Nígbà tí Bàbá kú, tí a parí gbogbo ètò, a jọ wá palẹ̀ pálọ̀ mọ́. Tẹlifíṣọ̀n ti lọ, sípíkà ṣì ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ti fi ṣe tábìlì, ìkòkò òdòdó wà lórí ẹ̀. Bùsáyọ̀, ọmọ mi obìnrin, ní kí ni ìtàn àpótí yìí, mo bá sọ ọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gba nǹkan gbọ́ láìwò ó. Kó tó pẹ́, ó ti wá fíìmù náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó wá kásẹ́ẹ̀tì fújì yẹn náà. A kọ́kọ́ wo fíìmù pẹ̀lú ohùn ara ẹ̀, fèrè ni wọ́n ń fọn nínú ẹ̀, n ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. A pa ohùn rẹ̀. Bùsáyọ̀ gbé sípíkà kékeré kan sínú àpótí àfàrà kó lè gbọ̀n, ó fi fújì sí i láti ara fóònù kejì. Kí n má parọ́, kò ṣe kòńgẹ́ tó bí mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ káàkiri. Ife fọ́ dáadáa. Ọ̀tá kú dáadáa. Ṣùgbọ́n àlàájì mẹ́rin ni olórin wa kí, kì í ṣe mẹ́ta, omi odò sì ti ṣàn kọjá kó tó kan ìyá ẹ̀. Bùsáyọ̀ ní, "Màmá, orin tó ní ìlù tó báyìí, tí ẹ bá fi sí fíìmù èyíkéyìí, ibì kan á pàdé." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó lè jẹ́ pé àwa ló fi ojú mú wọn pàdé, nítorí a jókòó pọ̀ sínú ilé kan, a sì fẹ́ kí ó bára mu.

Èdè ọwọ́ tí wọ́n kọ́ Kẹ́hìndé ní Ìbàdàn, lẹ́nu ọlidé ni mo ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò yára nínú ẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí mo nílò. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri láti ọjọ́ Tíṣà, mi ò sọ ọ́ fún Màmá títí wọ́n fi kú, mi ò sọ ọ́ fún Bàbá. Mo fọwọ́ kan èjìká ẹ̀. Mo ní: Lọ́jọ́ tí Tíṣà wá, bọ́tìnnì kò le. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́. Mi ò fẹ́ kó o lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ohun tó sì burú nínú èdè ọwọ́ nìyẹn, kò sí bí o ṣe lè fi pa gbígbọ̀n mọ́. Kẹ́hìndé wò mí pẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe wò mí lọ́jọ́ náà. Ó wá dáhùn, ó rọra ṣe é kó lè yé mi dáadáa: Mo mọ̀. Ká ní o tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ ni, wọn ì bá sọ pé Táyé ló mọ̀ ọ́n.

Mo sunkún, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó fi etí aṣọ ẹ̀ nù mí lójú bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣe fún àbúrò. Lẹ́yìn náà ó gba fóònù lọ́wọ́ Bùsáyọ̀, ó dá fíìmù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó fi fóònù orin sí mi lọ́wọ́. Ó jókòó sílẹ̀ tìrora-tìrora, orúnkún ti ń dùn ún, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára igi tí Bàbá kàn, ó sì fi orí ṣe àmì sí mi. Ìlẹ̀kùn pupa ṣí. Mo tẹ̀ ẹ́.